Ẹ Wá Ohun Tó Ba Joint Spi Jẹ́ Kí Ẹ Tó Ra Tuntun

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni mo gbé wá lónìí. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ní píkọ́ọ̀pù tó ń kó àgbàdo, gàrí tàbí èso ọ̀pẹ, pàápàá Land Cruiser àti Hilux àtijọ́ tí táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn jọ ń fà. Bí ẹ bá jí lówùúrọ̀ tí ẹ rí epo dúdú tó ṣàn sí ẹ̀gbẹ́ inú táyà iwájú, tó ń rùn bí imí ọjọ́, ẹ má kàn nù ún kúrò kẹ́ ẹ máa lọ. Epo inú pont iwájú ló ti ń jáde yẹn.

Ohun tó sábà ń jò níbẹ̀ ni joint spi, tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní ọ́ìlì síìlì. Òrùka rọ́bà kékeré kan ni, ó yí ọ̀pá tó ń yí táyà ká kí epo má bàa gba ibẹ̀ jáde. Èrò tèmi ni pé ọ̀pọ̀ wa ń fi owó ṣòfò lórí òrùka yìí. Àrùn wà níbòmíràn, ọgbẹ́ là ń wé.

Ọkọ̀ tèmi ló kọ́ mi. Láàárín oṣù mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n pààrọ̀ joint spi apá ọ̀tún fún mi ní gáráàjì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sanwó, ẹ̀ẹ̀mejì ni epo tún jáde. Mo ń bọ̀ láti Issaba lọ́jọ́ ọjà kan, èèyàn mẹ́ta jókòó lórí àpò àgbàdo lẹ́yìn (mo mọ̀ pé kò yẹ, ṣùgbọ́n gbogbo wa là ń ṣe é). Ewúrẹ́ kan já sọ́nà, mo tẹ bíréèkì, ọkọ̀ sì fà sí òsì bí ẹni pé ẹnìkan já ìdarí gbà lọ́wọ́ mi. Epo ti dé ojú bíréèkì apá ọ̀tún, ti òsì nìkan ló ń mú. Ọlọ́run ló yọ wá. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi wà lórí àpò yẹn.

Ni èmi àti àbúrò mi bá tú u nílé, lábẹ́ igi máńgòrò, ọjọ́ méjì gbáko. Ẹ wo ohun tí a rí. Ihò kékeré kan wà lórí pont, ibẹ̀ ló ń gbà mí. Bí ọkọ̀ bá ń rìn, pont á gbóná, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á wú, ihò yẹn ló sì yẹ kó gbà jáde. Ẹrẹ̀ dúdú Issaba ti gbẹ sínú tèmi bí sìmẹ́ǹtì. Afẹ́fẹ́ ò rọ́nà, ló bá ń ti epo gba ẹnu rọ́bà. Rọ́bà tuntun méjì tí wọ́n fi sí i kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá tún wọ odò nígbà tí pont gbóná, ó lè fa omi sínú. Ẹ ó kàn rí epo tó funfun bí omi ẹ̀kọ.

Bẹ́ríǹ ibẹ̀ náà ti ń mì. Ẹ gbé táyà sókè, ẹ di òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ mú, ẹ tì í, ẹ fà á. Bó bá ń ró kọ́kọ́, kò sí rọ́bà tó máa pẹ́ níbẹ̀. Ẹ sì fi èékánná wọ́ ojú ibi tí rọ́bà ti ń kan ọ̀pá: bí èékánná bá há sí kòtò, irin ti jẹ, tuntun náà á jò.

Bó bá di rírà, ẹ má ra rọ́bà tókunbọ̀ láéláé. Yálà Cotonou lẹ ti ra á tàbí ọjà Ladipo l'Ékòó, ẹ wo nọ́mbà mẹ́ta tí wọ́n sábà ń tẹ̀ sára rẹ̀: fífẹ̀ inú, fífẹ̀ ìta àti nínípọn, ní mìlímítà. Faransé ni ọlọ́jà ń sọ o, Gẹ̀ẹ́sì ni o, nọ́mbà yẹn kì í yí padà ní bodè. "Èyí jọ ọ́" kì í ṣe ìwọ̀n.

Àwọn kan á ní iṣẹ́ mẹkáníìkì nìyí, ẹni tí kò kọ́ ọ kó má fọwọ́ kàn án. Òtítọ́ wà níbẹ̀. Bí ẹ ò bá ní irinṣẹ́, ẹ gbé e lọ, ṣùgbọ́n ẹ dúró tì í, kẹ́ ẹ sì béèrè ihò ìmí yẹn. Mi ò dá àwọn ọ̀gá wa lẹ́bi. Àwa la máa ń kánjú: "Ọ̀gá, ẹ bá mi fi rọ́bà sí i, mo ń lọ Sakété lọ́la." Iṣẹ́ tí a bẹ̀ wọ́n náà ni wọ́n ṣe.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nínú àtúnṣe ilé ni gbígbé ọkọ̀ sókè. Ẹ má wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró. Búlọ́ọ̀kù oníhò tí a fi ń kọ́lé lè fọ́ lójijì. Ìtì igi líle tàbí irin ìdúró gidi ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ fi òkúta há táyà ẹ̀yìn níwá lẹ́yìn, lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Kẹ́ ẹ tó tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ tí epo ń gbà jáde, ẹ kọ́kọ́ tú ti òkè tí a ń gbà rọ epo sí i. Bí ti òkè bá kọ̀ tí epo sì ti dà nù, ọkọ̀ ò kúrò nílé mọ́ nìyẹn. (Ẹ má bi mí bí mo ṣe mọ̀.) Páàdì bíréèkì tí epo ti wọ̀, ẹ má fi kpayo fọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ dá a padà; tuntun ni kẹ́ ẹ rà, fún apá méjèèjì. Kẹ́ ẹ sì da epo àtijọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì, kó jìnnà sí kànga.

Ọkọ̀ mi ti lọ Issaba, ó ti bọ̀, àìmọye ìgbà látìgbà náà, inú táyà ọ̀tún ṣì gbẹ. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ò gun ẹ̀yìn mọ́, iwájú ló ń jókòó. Bí òjò ńlá bá ti dá, òun ló máa ń bi mí bóyá mo ti fọ ihò yẹn.