Káńfọ̀ inú ẹrù akẹ́kọ̀ọ́: ta ló ń sun yàrá tí ẹ kó o sí?

Tí sáà ẹ̀kọ́ bá ti parí ní yunifásítì àti politẹ́kíníìkì, àwọn ọmọ wa kì í dá wálé. Fóòmù ń bọ̀, sítóòfù ń bọ̀, ìkòkò, bọ́kẹ́ẹ̀tì, ìwé, pẹ̀lú báàgì Ghana-must-go mẹ́ta tí etí rẹ̀ ti fẹ́ẹ̀ já. Wọ́n á ní kí kálukú kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Ẹni tí ilé rẹ̀ jìnnà á lọ bẹ ọ̀rẹ́ tó gba yàrá sí ìta, ẹni tí ilé rẹ̀ wà nítòsí á kó gbogbo rẹ̀ wá bá ìyá rẹ̀. Ìgbà òjò sì ni ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ yìí sábà máa ń bọ́ sí, nígbà tí ohun gbogbo ń rin, tí aáyán àti eku náà ń wá ibi gbígbẹ sá sí.

Ìyá kan ló dá mi dúró lọ́jà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní, “Nọ́ọ̀sì, káńfọ̀ mélòó ni kí n jù sínú ẹrù ọmọ mi tó ń bọ̀, kí kòkòrò má baà jẹ aṣọ rẹ̀?” Mo bi í pé ta ló ń sun yàrá tó fẹ́ kó ẹrù náà sí. Ó ní, “Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni o, òun àti ìkókó.” Àyà mi já. Mo fà á sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo sì sọ ohun tí mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin náà báyìí fún un.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, ìyá àgbà kan gbé ọmọ ọkùnrin ọlọ́jọ́ mẹ́fà wá. Ojú ọmọ náà ti pọ́n bí ìyeyè, títí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Kò fẹ́ mu ọmú mọ́, ẹkún rẹ̀ sì ń hàn gooro létí. Màmá ní láti ìjẹta làwọn ti rí i, pé àwọn ń gbé e sóòrùn àárọ̀, àwọn sì ń fún un lómi glúkóòsì. Bí mo ṣe tú aṣọ tí wọ́n fi wé e, òórùn káńfọ̀ gbà mí nímú. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ Mama, níbo lẹ ti mú aṣọ yìí?” Wọ́n ní aṣọ àǹtí ọmọ ni, èyí tó wà ní yunifásítì. Ẹrù rẹ̀ wà ní yàrá ìkókó látìgbà tó ti dé, òun fúnra rẹ̀ ló sì fà á yọ pé kí wọ́n fi gbé ọmọ. Ìfẹ́ ló fi ṣe é, ẹ ò rí i bí?

Wọ́n pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà lọ́jọ́ náà. Ó yè, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó pé ọdún méjì, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pe “Dádì”, a rí i pé kò gbọ́ràn dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Èròjà kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí à ń pè ní G6PD. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dáàbò bo àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa kí ohun olóró má baà fọ́ wọn. Tàwọn kan kò tó láti inú ìyá wọn wá. Àjogúnbá ni, bí a ṣe ń jogún jẹ́nótáìpù, àmọ́ ọ̀tọ̀ ni òun, ọ̀tọ̀ ni jẹ́nótáìpù, torí náà ẹni tó jẹ́ AA náà lè ní in. Nílẹ̀ Yorùbá níbí, bíi ọmọkùnrin 1 nínú 5 ló rí bẹ́ẹ̀. Kò wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lára àwọn obìnrin. Ọ̀pọ̀ wọn kì í mọ̀ rárá torí pé ara wọn le koko, àfi lọ́jọ́ tí wọ́n bá pàdé ohun tó ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ náà.

Káńfọ̀, èyí funfun roboto tí à ń jù sáàárín aṣọ, wà lára wọn. Naftalín ni wọ́n fi ń ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀. Ṣé ẹ ti ṣàkíyèsí pé ó máa ń kéré sí i títí tó fi máa tán? Inú afẹ́fẹ́ ló ń lọ. Òórùn tí à ń gbọ́ yẹn gan-an ni. Ọmọ ọwọ́ ń fà á símú, ó sì tún ń gba awọ ara rẹ̀ wọlé, pàápàá tí a bá ti fi òróró pa á ká tó fi aṣọ náà wé e. Sẹ́ẹ̀lì pupa á máa fọ́, ohun pípọ́n tó ń ti ara ẹ̀jẹ̀ tó fọ́ jáde á pọ̀ ju èyí tí ẹ̀dọ̀ kékeré rẹ̀ lè kó dànù. Tó bá pọ̀ jù, ó ń wọ ọpọlọ. Ibẹ̀ ni etí ti ń di, ibẹ̀ náà ni ọmọ mìíràn ti ń di ẹni tí kò lè gbé orí rẹ̀ dúró. Oòrùn àárọ̀ àti omi glúkóòsì kò lè dá a dúró. (Ìpara onímẹ́ńtọ́ọ̀lù náà, ẹ má fi pa ìkókó lára o. Mo ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, mo sì máa tún sọ ọ́.)

Torí náà, tí ìkókó tàbí aboyún tó sún mọ́ ìkúnlẹ̀ bá wà nílé, káńfọ̀ kò gbọdọ̀ wọ ilé yẹn. Tí ọmọ yín bá ti lo káńfọ̀ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, ìta ni kí ẹ ti tú ẹrù náà. Ẹ ṣa gbogbo káńfọ̀ jáde, ẹ ka gbogbo àpò aṣọ wò. Ẹ fọ aṣọ náà, ẹ sá a sóòrùn títí òórùn rẹ̀ á fi lọ pátápátá. Ẹ̀yin ìyá àgbà, ó kan ẹ̀yin náà. Aṣọ òfì tí ẹ ti kó pamọ́ pẹ̀lú káńfọ̀ láti ọdún mẹ́wàá, ẹ má fà á yọ lọ́jọ́ ìkómọ pé ẹ fẹ́ fi gbé ọmọ-ọmọ.

Kí wá ni ká fi dáàbò bo ẹrù? Ìmọ́tótó àti gbígbẹ ni. Aṣọ tó ní òógùn àti ọbẹ̀ lára ni kòkòrò ń wá, torí náà ẹ fọ gbogbo rẹ̀, kódà èyí tí ọmọ bá ní “ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo wọ̀ ọ́.” Ẹ jẹ́ kó gbẹ dénú, ẹ lọ̀ ọ́, kó tutù, kí ẹ tó dì í sínú ọ̀rá tó nípọn kí ẹ sì so ẹnu rẹ̀. Aṣọ tó rin díẹ̀ nínú ọ̀rá á bu ni. Ìwé náà bẹ́ẹ̀. Ẹ to búlọ́ọ̀kù méjì-mẹ́ta, ẹ gbé pákó lé e, kí ẹrù má fara kan ilẹ̀ tàbí ògiri, nítorí ikán àti omi.

Ẹ má sì fojú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta di ẹrù. Lóṣù kẹta ọdún 2020 tí wọ́n ti ilé-ẹ̀kọ́ nítorí kòrónà, ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì ìjọba tún gbé e dé ìparí ọdún. Lọ́dún 2022, láti oṣù kejì dé oṣù kẹwàá ni. Ẹni tó fi gàrí àti mílíìkì sílẹ̀ nínú àpótí rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, eku ló bá níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ eku kì í ṣe ti aṣọ jíjẹ nìkan. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ ló ń gbé ibà Lassa, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní ìlú Lassa, ní ìpínlẹ̀ Borno, lọ́dún 1969, tó sì ti ń dá ìpínlẹ̀ Òǹdó wa níbí láàmú láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹ má kó oúnjẹ pọ̀ mọ́ ẹrù rárá. Tí ẹ bá ṣí àpótí tí ẹ rí ìgbẹ́ eku, ẹ má gbálẹ̀ gbígbẹ, torí erùku rẹ̀ á fẹ́ sí yín nímú. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ bu omi jíìkì tí ẹ ti fi omi là wọ́n ọn, ẹ jẹ́ kó rin dáadáa, kí ẹ tó fi àkísà nù ún.

Ọ̀tá-píà-píà ńkọ́? Ẹ má bù ú sínú àpótí, ẹ má sì wọ́n ọn sí fóòmù tí ènìyàn máa sùn lé. Oògùn oko ni púpọ̀ nínú rẹ̀, ó sì ń pa ènìyàn. Àjọ NAFDAC ti fòfin de títa irú oògùn náà tó ń jẹ́ dichlorvos nínú ìgò kékeré lọ́jà láti ọdún 2019. Tí ìdun bá wà nínú fóòmù, ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀, ẹ fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn gbogbo ojú rírán, ẹ sá a sóòrùn gangan fún ọjọ́ bíi mélòó kan, ẹ máa yí i. Ẹ má fi pẹtiróòlù nù ún. Iná kò mọ ọmọ olówó.

Ẹ dà kẹrosíìnì inú sítóòfù kúrò kí ẹ tó kó o wọlé, ẹ má sì rọ ọ́ sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò, torí ọmọdé á gbé e mu. Tí ọmọdé bá ti mu ún, ẹ má fún un lépo pupa, ẹ má jẹ́ kó bì í. Tó bá ń bì í, ó lè wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ, kí ẹ mú ìgò náà dání.

Fún ẹ̀yin àgbà tí wọ́n máa ń kó ẹrù wọ̀nyí dúró tì, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ gbé ẹrù wọn fúnra wọn. Kí wọ́n má sì tò ó sí ọ̀nà tí ẹ ń gbà lọ sílé ìtọ̀ lóru, kódà fún ọjọ́ kan. Ìbàdí tó kán lẹ́ni àádọ́rin ọdún kì í tètè san.

Ìyá tó dá mi dúró lọ́jà ní, “Káńfọ̀ tí mo ti rà ńkọ́?” Mo ní kó dá a padà fún ẹni tó tà á, tàbí kó dì í sínú ọ̀rá méjì, kó gbé e sígbá pàǹtí níta, kí ọmọdé má rò pé súìtì ni. Bákan náà, tí ẹ bá rí ìkókó tí ojú rẹ̀ pọ́n nínú wákàtí mẹ́rìnlélógún àkọ́kọ́, tàbí tí pípọ́n náà ti dé ọwọ́ àti ẹsẹ̀, tàbí tí kò mu ọmú, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Kí ẹ sì sọ fún wọn níbẹ̀ bí káńfọ̀ bá wà nínú ilé.