Ẹ Ka Orí Wa Kí Ọkọ̀ Tó Gbéra

Láti Oṣù Kìíní ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti ń ṣètò ìrìn-àjò kan lórí fóònù. Òun àti ìdílé rẹ̀ ń gbé ní ìpínlẹ̀ Minnesota ní Amẹ́ríkà, èmi sì wà ní Àbújá. Bí Ọlọ́run bá fẹ́, nínú Oṣù Kẹjọ, èmi, ẹ̀gbọ́n mi, ọkọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn méjì yóò wọ ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ń fi àjẹ̀ tù, a ó tukọ̀ lọ sórí adágún kan láàárín igbó, a ó sì pàgọ́ síbẹ̀ fún òru mẹ́rin. Kò sí ilé níbẹ̀, kò sí iná mànàmáná, fóònù kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́.

Nígbà tí màmá wa gbọ́, wọ́n kọ́kọ́ dákẹ́. Wọ́n wá ní, "Ṣé ẹ̀yin tí mo fi owó ẹ̀fọ́ rán lọ sí yunifásítì lẹ fẹ́ lọ máa sùn nínú igbó? Kí lẹ gbàgbé síbẹ̀?" A rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ kí wọ́n tó pa fóònù kò kúrò lọ́kàn mi: "Ẹ rántí pé omi kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹnikẹ́ni o."

Orúkọ ibi tí à ń lọ ni Boundary Waters. Ó wà ní àríwá Minnesota, níbi tí Amẹ́ríkà ti bá Kánádà pààlà. Ilẹ̀ rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù kan éékà, adágún inú rẹ̀ sì lé ní 1,000. Àwọn ẹ̀yà Ojibwe ti ń fi ọkọ̀ tí wọ́n fi èèpo igi ṣe tukọ̀ níbẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Òfin ọdún 1964 àti ti 1978 ló dáàbò bo ibẹ̀, tó fi jẹ́ pé ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kò gbọdọ̀ dé ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú àwọn adágún náà. Bí adágún kan bá parí, ẹ ó gbé ọkọ̀ yín lérí, ẹ ó fẹsẹ̀ rìn gba inú igbó títí ẹ ó fi dé èyí tó kàn.

Mo rò pé a kàn máa sanwó, ká sì máa lọ ni. Rárá o. Láti ọjọ́ 1 Oṣù Karùn-ún títí di ọjọ́ 30 Oṣù Kẹsàn-án, ẹni tó bá fẹ́ sùn níbẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ tó sọ ọjọ́ tí yóò wọlé àti ojú ibi tí yóò gbà wọlé. Ìwé àṣẹ tó wà fún ojú ọ̀nà kọ̀ọ̀kan lójúmọ́ níye. Bó bá tán, ó tán nìyẹn. Ẹgbẹ́ kan kò gbọdọ̀ ju èèyàn mẹ́sàn-án lọ, ọkọ̀ wọn kò sì gbọdọ̀ ju mẹ́rin lọ. Àǹtí kan nínú ìjọ ẹ̀gbọ́n mi ní òun àti àwọn ọmọ òun mẹ́rin yóò bá wa lọ. A ka orí wa, a jẹ́ mẹ́wàá. Ẹ̀gbọ́n mi ní láti lọ sọ fún wọn pé kò ṣeé ṣe. Ó nira fún un gan-an, nítorí pé nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ wa, a kì í sọ fún àlejò pé àyè ti tán.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ náà kò rọrùn. Agolo àti ìgò tí èèyàn ń sọ nù lẹ́yìn tó bá jẹ ohun inú rẹ̀ tán, èèwọ̀ ni. Sadíìnì kò lè wọlé, mílíìkì inú agolo náà kò lè wọlé. A wá pinnu pé gàrí, kúlíkúlí àti mílíìkì oníyẹ̀fun tí a ó dà sínú ọ̀rá la ó gbé. Mo fẹ́ fi ẹja gbígbẹ kún un, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ní kí n gbàgbé ìyẹn, pé béárì yóò ti gbóòórùn rẹ̀ kí àwa fúnra wa tó gúnlẹ̀. Gbogbo oúnjẹ la gbọ́dọ̀ fi okùn so rọ̀ sókè igi lálẹ́, tàbí ká tì í mọ́ inú àpótí tí béárì kò lè ṣí.

Lẹ́yìn náà ló kan láìfù jákẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ẹ̀wù tó ń mú èèyàn léfòó lórí omi. Òfin Minnesota ní kí ẹni kọ̀ọ̀kan nínú ọkọ̀ ní tirẹ̀, kí ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún 10 sì wọ tirẹ̀ sára. Àbúrò jẹ́ ọmọ ọdún 8, kò janpata. Ẹ̀gbọ́n tó jẹ́ ọmọ ọdún 11 ní òun ti dàgbà, òun kò ní wọ̀ ọ́. Bàbá rẹ̀ ní kó mú ọ̀kan: jákẹ́ẹ̀tì tàbí ilé. Àwa àgbà náà yóò wọ tiwa, torí pé omi ibẹ̀ lè tutù débi pé ẹni tó mọ̀wẹ̀ pàápàá lè má lè gbápá mọ́.

Ohun tó gbẹ̀yìn ni ìwé kan tí a ó fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ aládùúgbò: orúkọ wa, adágún tí a ó sùn sí lálẹ́ kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ àti wákàtí tí a ó jáde. Bí aago yẹn bá lù tí kò rí wa, ó mọ ẹni tí yóò pè. Èmi ni wọ́n ní kí n kọ ọ́. Nígbà tí mo ń kọ ọ́ lọ́wọ́ ni mo dúró, tí mo bi ara mi pé: lọ́dún 2019, ta ló mọ̀ pé mo wà nínú ọkọ̀?

Iṣẹ́ ìròyìn ló gbé mi dé etí Odò Ọya lọ́dún náà. Mo fẹ́ kọ nípa ilé-ìwé kan tó wà ní òdìkejì. Ọkọ̀ onípákó kan ló ń kó èrò. A wọ̀ ọ́, àwọn èèyàn tún ń wọ̀ ọ́. Àpò ìrẹsì wọlé, ewúrẹ́ wọlé, ọ̀kadà méjì wọlé. Mo bi ọmọkùnrin tó ń gbowó pé èèyàn mélòó ni ọkọ̀ náà ń gbà. Ó wò mí tìyanu-tìyanu, ó ní, "Ó ń gba gbogbo èèyàn." Jákẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo kò sí níbẹ̀. Nígbà tí a dé àárín odò, omi bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé láti ẹ̀gbẹ́, àwọn ọkùnrin sì ń fi abọ́ gbọ́n ọn dànù. Obìnrin tó jókòó tì mí na ọmọ rẹ̀ sí mi láìsọ nǹkan kan, torí ó fẹ́ fi ọwọ́ méjèèjì gbọ́nmi. Mo gbá ọmọ náà mọ́ra. N kò mọ̀wẹ̀. Ohun tí mò ń rò ni pé bí a bá rì, ọwọ́ mi ni ọmọ ọlọ́mọ máa kú sí.

A gúnlẹ̀ láyọ̀. Omi ló dànù, agbè ò fọ́. Ṣùgbọ́n ká ní agbè fọ́ ni, kò sí ẹni tí ì bá lè sọ iye tí a jẹ́, ká má tíì sọ orúkọ wa.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ni agbè ti fọ́ mọ́ lọ́wọ́. Nínú Oṣù Karùn-ún ọdún 2021, ọkọ̀ kan tó ń lọ sí Warrah ní ìpínlẹ̀ Kebbi rì. Àwọn aláṣẹ ní kò yẹ kó gbà ju 80 lọ, ṣùgbọ́n èrò inú rẹ̀ lé ní 150. Nínú Oṣù Kẹfà ọdún 2023, àwọn ará abúlé kan ní agbègbè Pàtígì ní ìpínlẹ̀ Kwara ń bọ̀ láti ibi ìgbéyàwó lóru, ọkọ̀ wọn dànù, àwọn tó kú lé ní 100. Ọ̀kadà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn gbé lọ síbi ayẹyẹ náà. Òjò ló mú kí omi bo ọ̀nà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi wọ ọkọ̀ ojú omi padà. Ní òru ọjọ́ 1 Oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ọkọ̀ tó kó àwọn tó ń lọ ṣe Mọ́líúdì rì ní agbègbè Mokwa ní ìpínlẹ̀ Niger. Obìnrin àti ọmọdé ló pọ̀ jù nínú wọn.

Ẹ wo bí a ṣe ń ròyìn àwọn òkú yìí: "ó lé ní", "nǹkan bíi", "a gbọ́ pé". Èmi náà tí mò ń kọ èyí, "ó lé ní" ni mo rí kọ. Èèyàn la fi ń ṣe "nǹkan bíi" yẹn o! Ìdí rẹ̀ ni pé ẹnì kankan kò kà wọ́n kí wọ́n tó wọ ọkọ̀.

Ohun tó ń dùn mí nìyí. Eré la fẹ́ lọ ṣe ní Minnesota. Bí a kò lọ, kò sí ohun tó máa ṣe wá. Síbẹ̀ ìjọba mọ iye wa, aládùúgbò mọ orúkọ wa, ọmọ ọdún 11 kò sì lè bọ́ jákẹ́ẹ̀tì. Obìnrin tó gbé ọmọ rẹ̀ fún mi kò lọ ṣeré. Ọjà ló ń lọ, kò sí afárá, kò sí ọ̀nà mìíràn. Ẹni tó ń ṣeré lórí omi wá ní ààbò ju ẹni tó ń wá oúnjẹ òòjọ́ lọ. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan yóò ní Amẹ́ríkà lówó, àwa kò ní. Mo gbà pé afárá nílò owó, mo sì gbà pé ìjọba ló yẹ kó ná an. Ṣùgbọ́n èló ni ìwé àkọsílẹ̀ kan àti bírò? Èló ni ọ̀dà tí wọ́n á fi fa ìlà pupa sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, tó jẹ́ pé bí omi bá ti kan ìlà yẹn, èrò kò gbọdọ̀ wọlé mọ́? Àwọn mìíràn yóò ní àkúnwọ́sílẹ̀ ni, pé ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ bá pé ló ń lọ. N kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa náà ló sọ pé a kì í fi ẹsẹ̀ méjèèjì wọn bí odò ṣe jìn tó.

Òfin kọ́ ni a ṣaláìní. NIWA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọ̀nà omi, ti sọ ọ́ láìmọye ìgbà pé kí ọkọ̀ má rin òru, kí èrò wọ jákẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n má kó jù. Ohun tó kù ni ẹni tí yóò dúró ní èbúté lójoojúmọ́ láti sọ pé ó tó. Ọmọ abúlé náà ló yẹ kí wọ́n gbà síṣẹ́, ẹni tó mọ àwọn èèyàn lójú, kí wọ́n sì san owó oṣù rẹ̀ kó má bàa máa gba rìbá lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀. Kí jákẹ́ẹ̀tì jẹ́ ti ọkọ̀, kí owó rẹ̀ wà nínú owó ọkọ̀, kó má jẹ́ ohun tí òṣèlú ń pín fún ayàwòrán tó bá dìbò ku ọ̀la. Kí wọ́n sì fi àmì sí ibi tí kùkùté igi wà lábẹ́ omi. Kì í ṣe Nàìjíríà nìkan lọ̀rọ̀ yìí kàn. Lórí Adágún Volta ní Gánà, èyí tí ìdídò Akosombo dá sílẹ̀ láti ọdún 1965, igi tí omi bò mọ́lẹ̀ ti da ọ̀pọ̀ ọkọ̀ nù.

Iṣẹ́ tiwa náà wà níbẹ̀. Ẹni tó bá pe èèyàn sí ìgbéyàwó ní òdìkejì odò, ẹ jẹ́ kó pèsè àyè tí àlejò yóò sùn sí di àárọ̀. Ẹ̀yin ààfáà àti pásítọ̀, ẹ kéde rẹ̀ kí ayẹyẹ tó dé. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó sínú ọkọ̀ tó ti kún, ẹ ní ẹnu láti fi sọ pé kí ẹni tó kù dúró de ọkọ̀ mìíràn. Ó ń tini lójú, mo mọ̀. Ó ti ẹ̀gbọ́n mi náà lójú nígbà tó sọ fún àǹtí ìjọ rẹ̀ pé a ti pé. Àǹtí náà bínú fún ọjọ́ méjì, ó sì gbà. Àwọn náà ti gba ìwé àṣẹ tiwọn fún Oṣù Kẹsàn-án báyìí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo ka ìwé tí a ó fi sílẹ̀ fún aládùúgbò sétí màmá wa. Wọ́n gbọ́ ọ títí dé ìparí, wọ́n sì ní kí n tún apá tó sọ wákàtí tí a ó jáde kà. Wọ́n wá ní kí n tẹ̀ ẹ́ sórí pépà kí n fi ránṣẹ́ sí àwọn, pé àwọn fẹ́ fi sábẹ́ Bíbélì àwọn títí a ó fi dé.

Mo ti fi ránṣẹ́. Irú ìwé yẹn ló yẹ kó wà lọ́wọ́ gbogbo ìyá tó ń dúró de ọmọ létí Odò Ọya.