Àdògán Kò Gbọdọ̀ Sùn Nínú Yàrá

Òjò ti ń palẹ̀ mọ́, ìrì ti ń sẹ̀ láàárọ̀, ètè àwọn ọmọ wa sì ti ń bó. Ọyẹ́ ti fẹ́ wọlé. Inú àwọn tó ń ta òrí, súwẹ́tà àti bùláńkẹ́ẹ̀tì á dùn. Ẹ̀yin ọlómi tútù, ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ fara dà á títí di oṣù kẹta.

Ọ̀rọ̀ iná la fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ wa ní ìsọ̀ aláta bímọ. Yàrá kan ṣoṣo ni òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé. Nígbà tí òtútù mú lálẹ́ ọjọ́ kan, ó dáná èédú sínú àdògán, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì nítorí ọmọ tuntun. Ó ti fèrèsé, ó ti ilẹ̀kùn, ó tún fi àkísà dí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn kí afẹ́fẹ́ má baà wọlé. Kò sí èéfín kankan, èédú ti pọ́n dáadáa. Wọ́n sùn. Ìtọ̀ ló jí ọkọ rẹ̀ lóru. Ó fẹ́ dìde, orúnkún rẹ̀ ò gbé e. Ó ní ó dà bíi pé wọ́n ń gún odó nínú orí òun. Ó fi ìdí wọ́ dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó ṣí i, ó sì pariwo. Nígbà tí àwọn ará ilé fi máa dé, ìyá ń bì, ọmọ ò ké, ara rẹ̀ kàn rọ̀. Ìgbà tí wọ́n gbé e bọ́ síta tí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i lójú ló tó ké.

Ọmọ ọjọ́ márùn-ún ni. Gbogbo wa la kúkú jó níbi ìkómọ náà, ọ̀pọ̀ nínú wa ò sì mọ̀ pé díẹ̀ ló kù kí ìkómọ má wáyé. Àwọn tó gbọ́ ní ayé ló fẹ́ ṣe wọ́n. Àwọn kan ti ń dárúkọ ìyá àgbà kan nínú ilé náà, ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Àdògán ló fẹ́ pa wọ́n, ẹ jẹ́ ká fi ìyá oníyàá sílẹ̀ jàre.

Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé bí a ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn nọ́ọ̀sì. Tí igi tàbí èédú bá ń jó níbi tí afẹ́fẹ́ ò ti tó, ohun kan máa ń tú jáde lára rẹ̀ tí ojú ò lè rí, tí kò sì ní òórùn. Carbon monoxide ni wọ́n ń pè é. Tí èèyàn bá mí i sínú, ó máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju afẹ́fẹ́ rere lọ, ní ìlọ́po tó lé ní 200. Ẹ̀jẹ̀ ò ní rí àyè gbé afẹ́fẹ́ rere dé ọpọlọ àti ọkàn mọ́. Orí á máa fọ́ èèyàn, òòyì á máa kọ́ ọ, á máa bì, ara rẹ̀ á rẹ̀. Ẹni tí ojú rẹ̀ là á rò pé ibà ni. Ẹni tó ń sùn ò ní mọ nǹkan kan rárá, oorun náà á kàn máa wúwo sí i ni.

Ibi tí èédú ti burú nìyí. Èéfín igi máa ń ta lójú. Ọmọ á húkọ́, ìyá á sáré ṣílẹ̀kùn. Èédú tó ti pọ́n ò ta ẹnikẹ́ni lójú. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa sì gbà gbọ́ ni pé tí èéfín bá ti tán lára rẹ̀, ó ti ṣeé gbé wọlé. Irọ́ ni o. Ìgbà tó pọ́n tó sì dákẹ́ yẹn gan-an ló ń ṣiṣẹ́ ibi.

Àwọn ìyá wa àgbà á ní, ṣebí iná ni wọ́n fi tọ́jú àwọn náà. Òótọ́ ni. Iná kì í kú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá ọlọ́mọ tuntun láyé ijọ́un. Ṣùgbọ́n ẹ rántí irú ilé tí iná yẹn wà. Ilé alámọ̀ ni, koríko tàbí ewé ni wọ́n fi bo orí rẹ̀. Èéfín ń yọ láàárín òrùlé, ẹni tó bá wà lóde á máa rí i bó ṣe ń rú lókè. Ẹní ni wọ́n máa ń ta sẹ́nu ọ̀nà yàrá mìíràn, àgbàlá ló sì wà láàárín agbo ilé, tí afẹ́fẹ́ ń gba ibẹ̀ kọjá. Ilé tiwa ńkọ́? Búlọ́ọ̀kù ni, sílíìnì wà lókè, gíláàsì ni fèrèsé, nẹ́ẹ̀tì tún wà lẹ́yìn gíláàsì. Ibo ni iná fẹ́ gbà mí? Àwọn ìyá wa ò gọ̀. Ká máa ṣe ohun tí wọ́n ṣe nínú ilé tí kì í ṣe irú tiwọn ni kò bójú mu.

A mọ ohun tó gbé àdògán wọlé o, a ò ní ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. Epo òyìnbó ni ọ̀pọ̀ wa fi ń dáná tẹ́lẹ̀. Títí di 2015, ₦50 ni ìjọba kọ sílẹ̀ fún lítà kan. Ta ló rí i rà ní ₦50 nínú wa? Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Láti ìgbà náà, epo òyìnbó gòkè, gáàsì gòkè, nígbà tí wọ́n sì yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní 2023, owó ọkọ̀ gbé gbogbo ọjà lọ́wọ́ dání lọ sókè. Èédú Ọ̀kè-Ògùn ló wá kù tí olówó kékeré lè rà ní ọ̀rá kan lójúmọ́. Àwa náà ń lò ó. A ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má fi dáná. Ìta tàbí abẹ́ àtíbàbà ni kó ti jó, ibẹ̀ náà ni kó kú sí. Tí ẹ bá fẹ́ yáná láàárọ̀ ọyẹ́, ẹ jókòó yí i ká ní àgbàlá, kí ẹ máa tàkúrọ̀sọ.

Ọmọ tuntun ńkọ́? Ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀, ẹ dé fìlà fún un, ẹ wọ̀ ọ́ ní ìbọ̀sẹ̀, ẹ gbé e lé àyà ìyá rẹ̀ kí ara kan ara, kí ẹ wá fi aṣọ bo àwọn méjèèjì, kí ojú àti imú ọmọ wà níta. Ní ìlú Bogotá ní ilẹ̀ Kòlóńbíà, ọdún 1978 ni àwọn dókítà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀nà yìí tọ́jú àwọn ọmọ tí oṣù wọn ò pé, nígbà tí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mú ọmọ móoru ò kárí. Tó bá lè gbé ọmọ tí oṣù rẹ̀ ò pé ró, á gbé tiwa náà ró. Kò sì ná wa ní kọ́bọ̀.

Tí ẹ bá bá ẹnikẹ́ni nínú irú ìṣòro yìí, ẹ ṣílẹ̀kùn, ẹ gbé e síta kíákíá, kí ẹ tó wá gbé iná kúrò. Ẹ má fi epo pupa rọ ọ́ lẹ́nu o. Epo ò lè lé ohun tó ti gba imú wọlé, ó lè gba ọ̀nà òdì sínú ẹ̀dọ̀fóró ẹni tí kò mọ ara mọ́. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ, kí wọ́n fún un ní afẹ́fẹ́ ọ́síjìn, kódà tó bá ní ara òun ti yá.

Ẹnìkan á ní, ọ̀rọ̀ ọyẹ́ nìyẹn, ìgbà òjò ńkọ́? Òjò gan-an ló ń sọ iná di ará ilé, torí igi á tutù, àwọn tó ń figi dáná á sá lọ sídìí èédú, wọ́n á gbé e sí kọ̀rọ̀ yàrá kí òjò má pa á. Ìdí nìyẹn tí a fi ní ìgbà ọyẹ́ ni ká ra igi òjò. Igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, omi lè tó ìdajì ìwọ̀n rẹ̀. Iná gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbẹ omi yẹn kó tó gbóná fún ìkòkò, igi méjì á wá ṣe iṣẹ́ igi kan. Ẹ bi àwọn tó ń yan gààrí àti àwọn ẹlẹ́ja yíyan, ẹ wo ojú wọn bó ṣe máa ń pọ́n ní oṣù kẹfà. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé èéfín ìdáná inú ilé pa èèyàn tó mílíọ̀nù 3.2 káàkiri ayé ní 2020, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 lé ní 237,000 nínú wọn.

Ẹ là igi yín báyìí, torí ẹ̀là máa ń gbẹ ju odindi lọ. Ẹ tò ó sórí búlọ́ọ̀kù kí ikán má rí i, kí afẹ́fẹ́ gba abẹ́ rẹ̀. Páànù ni kí ẹ fi bo orí rẹ̀ nìkan. Ẹni tó fi tàpólì wé igi láti òkè délẹ̀ ń ti omi mọ́ inú rẹ̀ ni. Ọyẹ́ tó ń bó wa létè yìí náà ni yóò gbẹ igi fún wa lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ̀yin onígi wa, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ kàn yín. Ẹjọ́ tó ń dé ọ́fíìsì ẹgbẹ́ ti pọ̀ jù: igi gbígbẹ lójú, igi tútù láàárín ìdì. Ìgbìmọ̀ ti fẹnu kò pé láti oṣù tó ń bọ̀, ọ̀tọ̀ ni kí ẹ máa to gbígbẹ, ọ̀tọ̀ ni kí ẹ máa to tútù, kí oníbàárà sì mọ èyí tó ń rà. A mọ̀ pé ẹ̀yin náà ń san owó lọ́wọ́ àwọn tó ń gé e, pé awakọ̀ ò sì ní dúró kí igi gbẹ. Ẹni tó bá ní àtakò, kó wá sọ ọ́ ní ìpàdé gbogbogbòò lọ́jọ́bọ̀ àkọ́kọ́ oṣù, lẹ́yìn ìmọ́tótó. Igi méjèèjì á wà nílẹ̀ níbẹ̀. A ó fi ẹ̀là lu ẹ̀là kí gbogbo wa gbọ́: gbígbẹ á dún kọ́ kọ́ kọ́, tútù á dún bù. Ṣùgbọ́n ẹ má fi wíwúwo dá igi ayìn lẹ́jọ́ o, òun a máa wúwo bó tilẹ̀ gbẹ.