Àkísà Àgbà Nínú Jíìnì

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Owó lè ra aṣọ kún àpótí ọmọdé lọ́jọ́ kan ṣoṣo, àmọ́ a kì í ra àkísà lọ́jà. Aṣọ tí a fi pọnmọ, èyí tí a wọ ròde, èyí tó ya lóko tí a tún lẹ̀, ọdún ló ń sọ wọ́n dàkísà. Ohun ìní yàtọ̀ sí ohun tí ojú rí. Àwọn onímọ̀ tó ń fi jíìnì ẹ̀dá kan wé ti òmíràn ti rí i pé òwe yìí bá inú ara wa mu wẹ́kú.

Èròjà mẹ́rin tí wọ́n ń fi lẹ́tà A, C, G àti T pè ló tò lọ rẹrẹ nínú DNA gbogbo ohun ẹlẹ́mìí. Apá tó ń pàṣẹ iṣẹ́ kan pàtó là ń pè ní jíìnì. Ní 1998, wọ́n ka DNA aràn kékeré kan, C. elegans, tí gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mìlímítà 1 lọ. Jíìnì rẹ̀ tó 20,000. Nígbà tí wọ́n ka ti ènìyàn, bíi 20,000 náà ni wọ́n bá. Ọmọdé láṣọ bí àgbà nìyẹn. Ṣùgbọ́n lẹ́tà DNA aràn náà kò ju bíi mílíọ̀nù 100 lọ, tiwa sì lé ní bílíọ̀nù 3. Kí ló kún púpọ̀ nínú ìyókù? Jíìnì tó ti kú, ègé DNA tó ń ṣe ẹ̀dà ara rẹ̀ kiri, àjẹkù fáírọ́ọ̀sì tó kó wọ ara àwọn baba ńlá wa. Ní 1972, onímọ̀ jíìnì Susumu Ohno pè é ní pàǹtí.

Inú àkísà yìí gan-an ni ẹ̀rí ibi tí a ti wá wà. Ẹ wo jíìnì GULO. Òun ni ewúrẹ́, ajá àti eku fi ń ṣe fítámì C fúnra wọn. Tiwa ti bàjẹ́ tipẹ́, ìdí nìyẹn tí erìgì ẹni tí kò bá fẹnu kan èso àti ẹ̀fọ́ fún oṣù mélòó kan fi ń ṣẹ̀jẹ̀. Nígbà tí wọ́n to tiwa sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìnàkí, ibi tí tiwa ti ya ni tiwọn náà ti ya. Ẹranko tó ń jẹ́ guinea pig náà kò lè ṣe fítámì C, ṣùgbọ́n ibòmíràn ni tirẹ̀ ti ya. Ọ̀dọ̀ baba ńlá kan náà ni àwa àti ìnàkí ti jogún àkísà yẹn.

Okùn DNA tí à ń pè ní kúrómósómù jẹ́ 46 nínú ènìyàn. Ti ìnàkí jẹ́ 48. Níbo ni méjì gbà lọ? Ìṣẹ́tí kúrómósómù kọ̀ọ̀kan ni TTAGGG tó ń tẹ̀lé ara rẹ̀ léraléra. Ní 1991, àwọn onímọ̀ bá ìṣẹ́tí méjì tó forí kanra nínú kúrómósómù kejì ti ènìyàn, níbi tí kò yẹ kí ìṣẹ́tí wà. Kúrómósómù méjì ìgbàanì ló lẹ̀ mọ́ra di ọ̀kan, nínú ti bàbá àti ti ìyá, ni 48 fi di 46. Ojú rírán náà ṣì hàn.

Kì í ṣe gbogbo àkísà ló ti kọjá lílò. Ara fáírọ́ọ̀sì ìgbàanì ni jíìnì syncytin ti wá, òun ló sì ń so sẹ́ẹ̀lì pọ̀ nígbà tí ibi ọmọ bá ń dá sínú aboyún. Àkísà ọ̀tá la sọ dọ̀já ìpọnmọ. Àkísà púpọ̀ kì í sì ṣe àmì ọlá, nítorí DNA àlùbọ́sà tó ìlọ́po márùn-ún tiwa. Ohun tí ojú ẹ̀dá rí ni àkísà ń sọ.

Ní 2003, wọ́n kéde pé wọ́n ti ka DNA ènìyàn tán. Bíi ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún ṣì kù nílẹ̀, pàápàá ibi tí lẹ́tà kan náà ti ń tún ara rẹ̀ tò. Ó di 2022 kí wọ́n tó rí i kà, ti kúrómósómù Y sì di 2023. Aṣọ kò ṣòro kà. Àkísà ló gba ogún ọdún. Ẹ má ṣe da àkísà àgbà nù kí ẹ tó bi í léèrè ibi tó ti gbó.