Ogún Wákàtí Lọ́sẹ̀: Iṣẹ́ Wo Ni Ó Yẹ Akẹ́kọ̀ọ́ Wa Ní Ilẹ̀ Òyìnbó?

Lọ́dọọdún, nígbà tí oṣù September bá kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn ọmọ wa a máa wọ ọkọ̀ òfúrufú ní Ìkẹjà àti ní Àbújá, wọn a máa lọ fi ìwé kún ìwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òbí ẹlòmíràn ti ta ilẹ̀, òbí ẹlòmíràn ti ta mọ́tò, kí ìdajì owó ilé-ẹ̀kọ́ tó pé. Bí a bá sì bi wọ́n léèrè ibi tí ìyókù yóò ti wá, ìdáhùn kan náà ni wọ́n ń fọ̀, èyí tí àwọn tí ń bá wọn ṣètò ìrìnàjò ti fi sí wọn lẹ́nu: bí a bá dé ọ̀hún, a ó ṣiṣẹ́ san án. Ẹ̀yin olùkọ́ tí àwọn ọmọ wọ̀nyí ń tọ̀ wá fún ìwé ẹ̀rí ìwà, ẹ jẹ́ kí a jọ gbé ìdáhùn yìí lé orí òṣùwọ̀n.

Ní January 2025, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì là á sílẹ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ tí kì yóò gbé Lọ́ńdọ̀nù gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun ní £1,136 fún ìnáwó oṣù kọ̀ọ̀kan, títí dé oṣù mẹ́sàn-án. Ti Lọ́ńdọ̀nù jẹ́ £1,483. Owó ilé-ẹ̀kọ́ kò sí nínú èyí. Ní April ọdún kan náà, owó iṣẹ́ wákàtí kan tí ó kéré jù lọ lábẹ́ òfin, fún ẹni tí ó ti pé ọmọ ọdún 21, di £12.21. Wákàtí 20 sì ni òfin fi ààlà sí fún akẹ́kọ̀ọ́ oyè yunifásítì lọ́sẹ̀, nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ bá ń lọ lọ́wọ́. Ẹ ṣírò rẹ̀: £244.20 lọ́sẹ̀, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, £976.80. Ìjọba tí ó fi ààlà sí wákàtí náà ni ó fi ẹnu ara rẹ̀ wí pé owó yẹn kò tó jẹun, kò sì tó san owó ilé. Níbo wá ni owó ilé-ẹ̀kọ́ yóò ti jáde, èyí tí ọ̀pọ̀ yunifásítì ń gbà ju £15,000 lọ lọ́wọ́ àlejò fún ọdún kan? Kò sí níbì kankan. Irọ́ funfun báláú ni ọ̀rọ̀ pé iṣẹ́ yóò san án.

Nígbà kan rí, ọgbọ́n kan wà tí àwọn ènìyàn wa ń dá: bí ìyàwó bá ń kàwé, ọkọ a tẹ̀ lé e lọ, a sì máa ṣiṣẹ́ láti òwúrọ̀ di alẹ́. Láti January 2024 ni a ti ti ilẹ̀kùn yẹn mọ́ ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tí kì í ṣe ẹ̀kọ́ ìwádìí ni wọ́n ń kọ́. Kí èyí tó ṣẹlẹ̀, owó náírà ti bọ́ lulẹ̀. Dọ́là kan tí ó wà ní nǹkan bí ₦460 kí ó tó di June 2023 ti kọjá ₦1,400 ní February 2024. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n wà ní Yunifásítì Teesside rí àbájáde rẹ̀ lọ́dún 2024: àwọn tí kò rí owó san ní àsìkò ni a yọ kúrò nínú ẹ̀kọ́, a sì ní kí wọ́n máa lọ sí ìlú wọn. Kì í ṣe ọ̀lẹ ni wọ́n.

Àwọn àgbà wa a máa fi àwọn aṣáájú kọ́ àwọn ọmọ. Azikiwe fọ abọ́, ó sì wa èédú ní Amẹ́ríkà. Nkrumah ta ẹja ní Harlem, ó ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ọṣẹ, ó sì ń ṣiṣẹ́ òru níbi tí a ti ń kan ọkọ̀ ojú omi. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, ìwúrí sì ni. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń pa ìtàn náà kì í ka ọdún. Nkrumah dé Amẹ́ríkà ní 1935, kò sì kúrò níbẹ̀ títí di 1945. Ti Azikiwe tó ọdún mẹ́sàn-án. Ẹni tí ó ní ọdún mẹ́wàá lè fi ọdún kan sọnù sẹ́nu ọkọ̀. Oyè kejì tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ń lé lónìí, ọdún kan péré ni.

Nítorí náà, iṣẹ́ tí yóò fi orí sílẹ̀ fún ìwé ni kí akẹ́kọ̀ọ́ wá, kì í ṣe èyí tí owó rẹ̀ fi díẹ̀ ga ju òmíràn lọ. Iṣẹ́ inú ọgbà yunifásítì ni mo fẹ́ràn jù: ilé-ìkàwé, mímú àlejò yí ọgbà ká, kíkọ àwọn ọmọ kíláàsì ìsàlẹ̀. Àwọn ọ̀gá ibẹ̀ mọ òfin, wọn kì í sì í fi ìdánwò ṣeré. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọ̀nyí kò pọ̀, wọ́n sì ń tètè tán; kí ọmọ ti kọ̀wé béèrè kí ó tó gúnlẹ̀. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni ọ̀pọ̀ ń bá lọ. Iṣẹ́ ọlọ́lá ni, ọmọ tí a kọ́ ní ilé pé kí ó bọ̀wọ̀ fún àgbà a sì máa ṣe é dáradára. Ewu tí ó wà nínú rẹ̀ ni òru. Ẹni tí ó gbé arúgbó sókè gbé e sílẹ̀ di agogo méje òwúrọ̀, oorun ni yóò sùn ní kíláàsì agogo mẹ́sàn-án. Bí ó bá jẹ́ ẹlẹ́kọ̀ọ́ ìwòsàn ni, ó lè tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí iṣẹ́ náà fara mọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ilé ìkẹ́rùsí a máa sanwó, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ríro ni èrè rẹ̀ kejì.

Gbígbé oúnjẹ kiri lórí kẹ̀kẹ́ fún àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń pe òṣìṣẹ́ ní ọ̀gá ara rẹ̀ jẹ́ èèwọ̀, nítorí pé òfin kò gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ dá òwò ṣe. Àwọn kan ń yá orúkọ ẹlòmíràn lò láti ṣe é. Bí ọwọ́ bá tẹ̀ wọ́n, ìwé ìwọ̀lú lọ nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ òfin bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé, ó sì parí ní ọjọ́ Àìkú: a kì í ṣe 30 lọ́sẹ̀ yìí kí a ṣe 10 lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀ kí a ní ó dọ́gba. Bí iṣẹ́ bá jẹ́ méjì, àròpọ̀ wọn ni a ń kà. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn sì ń tan àwọn ọlọ́dún kan jẹ: àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ti wà ní ìsinmi, ṣùgbọ́n òun tí ó ṣì ń kọ ìwé àṣekágbá kò tíì gba ìsinmi lójú òfin. Ẹni tí ó bá sì ní kí a san owó kí òun tó bá wa wáṣẹ́ ń rú òfin ilẹ̀ náà.

Ibòmíràn ní ti tirẹ̀. Kánádà sọ ọ́ di wákàtí 24 ní November 2024. Ọsirélíà, 48 ní ọ̀sẹ̀ méjì láti July 2023. Ní Amẹ́ríkà, inú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ nìkan ni ó rọrùn.

Ó ku ẹ̀yin ará ilé. Ọmọ tí ń jẹ £976 kò ní owó tí yóò fi ránṣẹ́ sílé fún ayẹyẹ. Kí òbí tó ta ilẹ̀, ẹ bá a béèrè iye tí ó wà ní báńkì fún owó ilé-ẹ̀kọ́ ẹ̀ẹ̀kejì àti ẹ̀ẹ̀kẹta, kì í ṣe ti àkọ́kọ́ nìkan, kí ẹ sì bi í bóyá náírà ni ó fi pa mọ́ tàbí pọ́n-ùn.