Ẹ Bá Ihò Wí, Ẹ Fi Kọ̀ǹpútà Sílẹ̀

Mo ti gbọ́ ọ tó. Mo gbọ́ ọ níbi ìdánrawò bàǹdì ní Òkè-Àdó n'Ìbàdàn, mo gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń tún fóònù ṣe ní Queen Cinema, mo gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ṣí sítúdíò sẹ́yìn ilé ní Challenge. Láìpẹ́ yìí, àgbà ẹlẹ́gìtá kan tó ti ń ta gìtá láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú tún sọ ọ́ sí mi létí, bí ẹni ń ka ẹsẹ Bíbélì: "Àbúrò, kọ̀ǹpútà kì í gba gìtá. Kíbọọ̀dù ló mọ̀. Bí o bá ti gìtá bọ̀ ọ́, ohùn rẹ̀ á kú." Gbogbo ọ̀dọ́ tó wà níbẹ̀ mi orí. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́, àfi ìgbà tó bá jẹ́ àgbà fúnra rẹ̀ ló wọ́ ọ. Ìdí nìyí tí mo fi gbé ìwé pẹlẹbẹ yìí jáde.

Ó di dandan kí n sọ ohun tí wọ́n gbà gbọ́, bí kò tilẹ̀ wù mí láti fi ẹnu mi tún un sọ. Wọ́n ní kọ̀ǹpútà ilé kò lè gba ohùn gìtá oníná sílẹ̀ kó dùn. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ kí gìtá òun dún dáadáa, kó wọkọ̀ lọ sí sítúdíò ńlá l'Ékòó kó lọ san owó wákàtí, tàbí kó gbé gìtá rẹ̀ kọ́ ògiri kí ọmọ oníkíbọọ̀dù bá a tẹ ayédèrú rẹ̀. Ẹ̀rí wọn ńkọ́? "A ti dán an wò." Ó parí. Wọ́n ra kọnfátà kékeré tó ń sọ ẹnu jáàkì ńlá di kékeré, wọ́n tì í bọ ihò kan lára láptọ́ọ̀pù, wọ́n ta gìtá, ohùn burúkú jáde, ni wọ́n bá dẹ́bi fún kọ̀ǹpútà.

Ihò wo ni wọ́n tì í bọ̀? Kò sẹ́ni tó béèrè. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà, ibẹ̀ ni n ó sì jókòó tì.

Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù òde òní, ihò kan ṣoṣo ló ní fún ohùn. Iṣẹ́ méjì ni ihò yẹn ń ṣe: ó ń gbé orin jáde sí wa létí, ó sì ń gba ohùn wọlé láti ara máíkì kékeré tó wà lára wáyà earpiece. Ẹ wo ẹnu earpiece fóònù yín dáadáa. Òrùka dúdú mẹ́ta ló pín irin rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́rin. Ọ̀nà méjì láti orí wá, orin apá òsì àti apá ọ̀tún ló ń gba ibẹ̀ jáde. Ìkẹta ni áàtì. Ìkẹrin, tó wà nídìí pátápátá, ni ti máíkì. Ẹnu jáàkì gìtá ní tirẹ̀, ọ̀nà méjì péré ló ní: orí rẹ̀ tí ohùn wà, àti ara rẹ̀ tó jẹ́ áàtì. Ẹ wá ti oníméjì bọ ihò onímẹ́rin. Orí jáàkì lọ kan ọ̀nà tí orin ń gbà jáde, kì í ṣe ọ̀nà àbáwọlé. Ara jáàkì so ọ̀nà máíkì pọ̀ mọ́ áàtì. Kọ̀ǹpútà yẹ ihò wò, kò rí máíkì kankan níbẹ̀, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ pẹ̀lú máíkì ti ara rẹ̀, èyí tí wọ́n sábà máa ń fi sí ẹ̀gbẹ́ kámẹ́rà.

Ṣé ẹ gbọ́ ohun tí mò ń sọ? Ohùn tí ẹ gbọ́, tí ẹ tìtorí rẹ̀ bú kọ̀ǹpútà káàkiri ìgboro, kò gba inú wáyà gìtá yín kọjá rárá! Máíkì láptọ́ọ̀pù ló ń gbọ́ okùn irin gìtá yín láti inú afẹ́fẹ́ yàrá, pọ̀ mọ́ jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò àti mọ́tò tó ń fọn fèrè lójú títì. Ẹ dán an wò lálẹ́ òní. Ẹ yọ wáyà kúrò pátápátá, kí ẹ tún ta gìtá náà. Bí ohùn tí ẹ gbà sílẹ̀ bá rí bíi ti tẹ́lẹ̀, ẹ ti mọ ẹni tó ń tan yín. Ọdún mélòó ni ẹ ti fi ń dájọ́ fún gìtá tí kò tilẹ̀ wọlé?

Ẹni tó ní kọ̀ǹpútà ńlá orí tábìlì á ní ti òun yàtọ̀, torí ó ní ihò aláwọ̀ mẹ́ta lẹ́yìn. Ó yàtọ̀ lóòótọ́. Gìtá tiẹ̀ wọlé, ṣùgbọ́n ó gba ẹnu ọ̀nà tí kì í ṣe tirẹ̀. Ihò aláwọ̀ pínǹkì ni ti máíkì, búlúù ni ti ohùn tó ti lágbára kó tó dé, gíríìnì ni ti àbájáde. Pínǹkì ni gbogbo wọn ń sáré sí, bẹ́ẹ̀ sì ni láptọ́ọ̀pù àtijọ́ oníhò méjì ṣe rí.

Kí ló dé tí pínǹkì fi burú fún gìtá? Ẹ kọ́kọ́ wo pickup, ẹ̀rọ kékeré tó ń gbọ́ okùn gìtá: kí ló wà nínú rẹ̀? Òòfà àti wáyà kọ́pà ni. Wáyà náà tín-ín-rín ju irun orí lọ, wọ́n sì wé e ní ìgbà bí ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ lára pickup Stratocaster. Bí okùn irin bá ń gbọ̀n níwájú òòfà, iná kékeré á jí nínú wáyà náà; Michael Faraday ti ṣàwárí èyí ní London ní 1831. Iná yìí kì í sábà tó fólìtì kan. Wáyà tí wọ́n wé jọ báyẹn a sì máa dí ohùn òkè lọ́nà ju ohùn ìsàlẹ̀ lọ. Nítorí náà, ibi tí ẹ bá ti gìtá bọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ibi tí kò ní fa iná púpọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe amplifáyà mọ̀ bẹ́ẹ̀: ìdènà ẹnu àbáwọlé rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ óòmù mílíọ̀nù kan. Ti ihò pínǹkì kò ju ẹgbẹ̀rún mélòó kan lọ, torí máíkì kékeré ni wọ́n ṣe é fún. Kódà, ó ń ti fólìtì díẹ̀ jáde láti fi bọ́ máíkì náà. Ẹ gbé ìkòkò omi ru ọmọ ọdún márùn-ún, ẹ wá ní kó sáré. Ohùn òkè ló kọ́kọ́ ń bọ́ sílẹ̀, èyí tí etí fi ń dá gìtá mọ̀ láàárín ìlù àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Èyí tó ṣẹ́kù á wúwo, á ṣú. Ikú tí wọ́n ń pariwo nìyẹn. Ihò ló pa á, kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń lọ mú.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ óòmù ló ń bí mi nínú jù. Gìtá oníná kì í ṣe àlejò nílẹ̀ Yorùbá. Àyìndé Bákàrè ti gbé e wọ inú jùjú ní 1949. Nígbà tí Sunny Adé gbé àwo Juju Music jáde lọ́dọ̀ Island Records ní 1982, àwọn gìtá ń dá ara wọn lóhùn nínú rẹ̀, Dẹ́mọ́lá Adépọ̀jù sì ń fi steel guitar ṣe wọ́n lọ́ṣọ̀ọ́. Òyìnbó dúró gbọ́. Lónìí ńkọ́? Ẹ tan rédíò ní Ìbàdàn láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi. Gìtá tí ẹ máa gbọ́ nínú ọ̀pọ̀ orin ẹ̀mí tuntun, kíbọọ̀dù ni. Ọmọ kan ló fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́. Ẹlẹ́gìtá gidi wà nílé, ó ká ọwọ́ lẹ́rán, ó ń sọ fún ọmọlẹ́yìn rẹ̀ pé kọ̀ǹpútà kì í gba gìtá. Ìlú tí tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ nílẹ̀ Áfíríkà adúláwọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní 1959, ihò tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mílímítà mẹ́ta ààbọ̀ ló ń dẹ́rù bà á! Ẹ kú iṣẹ́ o.

Àwọn àwáwí yòókù kò tó ohun tí èèyàn ń fi ìwé ṣòfò lé lórí.

"Gìtá á jó kọ̀ǹpútà." Iná tí kò tó fólìtì kan? Ẹnu amplifáyà tó ń lọ sí sípíkà ló lè jó o; ta ló ní kí ẹ ti ìyẹn bọ̀ ọ́?

"Ohùn ń pẹ́ kó tó jáde." Ẹ fi dráífà Windows tó ń jẹ́ ASIO4ALL sí i, ọ̀fẹ́ ni, kí ẹ dín buffer kù sí 128. Lórí sample rate 48,000, ìyẹn kò tó mílísẹ́kọ́ńdì mẹ́ta ní àlọ nìkan. Ẹni tó dúró ní mítà mẹ́ta sí amplifáyà rẹ̀ ń dúró de ohùn fún bíi mẹ́sàn-án, n kò sì gbọ́ kó ráhùn rí.

"Ó ń kùn." Ẹ yọ ṣájà, ẹ lo bátìrì.

"Sítúdíò gidi kì í ti gìtá bọ ẹ̀rọ láìsí amplifáyà." Ní 1968, ní Abbey Road, John Lennon àti George Harrison ti gìtá bọ mísà tààrà nígbà tí wọ́n ń gba "Revolution" sílẹ̀. Ẹ lọ bá wọn jà.

Kí wá ni ṣíṣe? Ó yẹ kó ti hàn. Ẹ ra sáùńdì káàdì USB tí wọ́n kọ Hi-Z tàbí INST sí lára, ìyẹn àbáwọlé onídènà gíga tí gìtá ń fẹ́. Ó wà lára Behringer UM2, ó wà lára Focusrite Scarlett. Bí owó kò bá sí, tí kọ̀ǹpútà yín sì ní ihò búlúù, ẹ gbé pẹ́dà Boss tó wà nínú báàgì yín jáde. Ẹ ti gìtá bọ pẹ́dà tó ní bátìrì, kí ẹ ti pẹ́dà bọ ihò búlúù. Bí ẹ kò tilẹ̀ fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, òun ni yóò ru ẹrù dípò gìtá. Ẹ fi Audacity gbà á sílẹ̀. Ohùn náà á gbẹ lákọ̀ọ́kọ́. Ẹ fi amplifáyà inú kọ̀ǹpútà bíi Neural Amp Modeler wọ̀ ọ́. Ọ̀fẹ́ ni àwọn méjèèjì.

Ẹ̀yin ìjọ tí ẹ ń dáwó kíbọọ̀dù lọ́dọọdún, ẹ ra sáùńdì káàdì kan fún ẹlẹ́gìtá yín. Ẹ̀yin àgbà ẹlẹ́gìtá, àwọn ọ̀nà tí ẹ mọ̀, tí ẹ fi ń mú ọlọ́jọ́-ìbí dìde náwó, kò sí sítúdíò Èkó kan tó máa wá kúnlẹ̀ bẹ̀ yín kí ẹ tó fi sílẹ̀ fún ọmọ. Ẹ gbà á sílẹ̀ nínú ilé yín, lọ́sẹ̀ yìí. Ẹni tí kò bá lè ṣe ìyẹn, kó yáa gbà pé ọ̀lẹ ló ń ṣe òun, kó sì yọ kọ̀ǹpútà kúrò nínú ẹjọ́.