Kí Àlejò Ojúde Ọba Tó Dé: Ọ̀rọ̀ Físà Kan Àwa Náà

Tí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ físà láàárín àwa akẹ́kọ̀ọ́ Àgọ́-Ìwòyè, ohun tó máa ń wá sí wa lọ́kàn ni àwọn tó ń lọ: ta ni wọ́n fún, ta ni wọn kò fún, ta ló ń gbààwẹ̀ nítorí ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. A kì í sábà bèèrè nípa àwọn tó ń bọ̀. Kí ni orílẹ̀-èdè tiwa ń bèèrè lọ́wọ́ àlejò kó tó wọlé? Lójú tèmi, ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú mọ ìdáhùn ìbéèrè yìí dunjú, torí pé owó àti iyì ìlú wa wà nínú rẹ̀.

Ẹ wo Ojúde Ọba. Ní 2024, àwòrán Farooq Oreagba lórí ẹṣin gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kan, àwọn tí kò mọ ibi tí Ìjẹ̀bú-Òde wà sì bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba máa ń wáyé, oṣù ojú ọ̀run ló sì ń darí Iléyá. Ní 2024, ó bọ́ sí ọjọ́ 18 oṣù Okúdù; ní 2025, ó bọ́ sí ọjọ́ 8. Ìgbà tí wọ́n bá rí oṣù tán ni ọjọ́ náà tó dájú. Àlejò tó ń ti Brazil bọ̀ kò ní àsìkò tó máa fi ṣòfò lórí ìwé.

Ìdí nìyẹn tí mo fi gbóríyìn fún àyípadà tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún, 2025. Wọ́n fi físà orí íntánẹ́ẹ̀tì rọ́pò èyí tí àlejò ń gbà nígbà tó bá balẹ̀ sí pápákọ̀ òfurufú. Ìjọba ní láàárín wákàtí 48 ni ìdáhùn yóò jáde. Orí íntánẹ́ẹ̀tì náà ni àlejò yóò ti kọ ọ̀rọ̀ sí káàdì ìwọlé rẹ̀ kó tó wọ bàálù. Ohun tí wọ́n ń bèèrè kò kọjá òye: ìwé ìrìnnà tó ṣì ní oṣù mẹ́fà lára, tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àti àbọ̀, ẹ̀rí ibi tí yóò dé sí, ẹ̀rí pé owó wà lọ́wọ́ rẹ̀, àti yẹ́lò káàdì tó fi hàn pé ó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà apọ́njú.

Ṣùgbọ́n àlejò lójú, kò fi ríran. Ibi mẹ́ta wà tó ti lè ṣubú.

Èkíní ni ti àwọn ará ilé wa ní Kútọnu, Àjàṣẹ́ àti Lomé. Wọn kò nílò físà rárá. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí ní Dakar ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún, 1979, fún wọn láyè láti wọlé kí wọ́n sì lo 90 ọjọ́, tí ìwé ìrìnnà àti yẹ́lò káàdì wọn bá ti pé. Bó ṣe rí nìyẹn fún àwa náà tí a bá ń lọ sọ́dọ̀ wọn. Ẹni tí kò mọ̀ ni yóò máa san owó tí òfin kò mọ̀ rí ní Sẹ̀mẹ̀ tàbí Ìdíìrókò.

Èkejì ni físà tó gba ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Àlejò lè wo Ojúde Ọba tán, kó wo Erédò Ṣùngbọ́, odi ńlá tó gùn tó nǹkan bí 160 kìlómítà, kó wá ní òun fẹ́ dé Kétu tàbí Ouidah kí òun tó padà wá wọ bàálù ní Èkó. Bó bá ti sọdá báyìí, físà rẹ̀ ti parí nìyẹn. Kí wọ́n ti sọ fún un kó tó kúrò nílé.

Ẹ̀kẹta ló dùn mí jù. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú tí wọ́n bí sí London, tí ìwé ìrìnnà Gẹ̀ẹ́sì nìkan wà lọ́wọ́ wọn, ń gba físà kí wọ́n tó lè wọ ilé baba wọn. Bẹ́ẹ̀, ìwé òfin 1999, ní abala 25, sọ pé ọmọ tí wọ́n bí sí òkèèrè, tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ọmọ onílùú ni. Abala 28 sì gba ọmọ onílùú nípa ìbí láyè láti jẹ́ ọmọ ilẹ̀ mìíràn pẹ̀lú. Ìwé ìrìnnà Nàìjíríà ló tọ́ sí wọn, kì í ṣe físà.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ: “Wọ́n ń fi ojú wa rí màbo ní ilé iṣẹ́ aṣojú wọn, kí àwọn náà jẹ nínú rẹ̀.” Mi ò dá wọn lẹ́bi pé inú ń bí wọn. Àmọ́ ta ni yóò jìyà rẹ̀? Kì í ṣe òṣìṣẹ́ tó kọ̀ láti fún wa ní físà. Ẹni tó ń hun aṣọ òkè, ọlọ́kadà, ìyá olóúnjẹ àti akẹ́kọ̀ọ́ tó ń mú àlejò rìn yíká Òkè-Ẹ̀rí ni ọwọ́ wọn máa ṣófo.

Nítorí náà, kí àwọn tó ń ṣètò ọdún náà gbé ìwé olójú ewé kan jáde ṣáájú Iléyá, ní Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti èdè Potogí, tí yóò sọ ẹni tó nílò físà, ẹni tí kò nílò rẹ̀ àti ohun tí àlejò gbọ́dọ̀ mú dání. Kí ìjọba àpapọ̀ sì ro ọ̀rọ̀ físà tó gba ìwọlé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ fún àwọn tó fẹ́ rin Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀ pọ̀. Àwa tí a ń kọ́ Faransé, òfin àti ìròyìn níbí lè ran wọn lọ́wọ́ láti kọ ọ́. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti jáde, tí ẹ wà ní òkèèrè, ẹ bá wa pín in fún àwọn ọ̀rẹ́ yín. Kí ẹ sì tètè lọ gba ìwé ìrìnnà Nàìjíríà fún àwọn ọmọ yín kí Iléyá tó ń bọ̀ tó dé.